Sẹ́ǹtì Tí Wọ́n Fi Sọ Wá Lórúkọ

Ọdún tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn ilé wa ni ọdún tí ilé wa pariwo jù. Inú àgbàlá kan lẹ́bàá Sapele Road ní Benin là ń gbé, a háyà yàrá mẹ́ta lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀dó kan tí gbogbo ayálégbé ń pè ní Ìyá Onílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wàá ti gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, wàá gbọ́ garawa tó ń gbá ara kànga, wàá gbọ́ bí Ìyá Onílé ṣe ń kí ìyá bàbá mi ní èdè Ẹ̀dó, tí ìyá bàbá mi yóò sì máa dá a lóhùn ní Yorùbá. Kò sí èyí tó gbọ́ èdè ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ n kò rí ọjọ́ kan tí wọn kò yé ara wọn. Lọ́jọ́ tí Ìyá Onílé bá se ọbẹ̀ ẹyìn, abọ́ kan á kọjá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú sítáàṣì, òkèlè tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwa bá gún iyán, abọ́ yẹn kò ní padà lófìfo. Èmi ni mo máa ń gbé e, mo sì máa ń tọ́ ọ wò lọ́nà, nítorí n kò rò pé ó yẹ kí ebi máa pa ẹni tó ń gbé oúnjẹ.

Ìyá bàbá mi yìí là ń pè ní Màmá. Ìyá tó bí wa là ń pè ní Mọ́mì. Láti Iléṣà ni Màmá ti wá nígbà tí oyún Mọ́mì wọ oṣù kẹjọ. Ó gbé ọṣẹ dúdú, òrí àti kànìnkànìn wá nínú àpò, nítorí ó ní òun kò mọ̀ bóyá wọ́n ní kànìnkànìn gidi ní Benin. Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú ni ẹnu àwa ọmọ. A gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló máa ń bọ́ lẹ́nu wa kí a tó ronú. Bí Màmá bá pè wá, ẹ̀gbọ́n mi Ṣẹ́gun á dáhùn pé, “I dey come.” Màmá á ní, “Ṣé èmi lò ń dá lóhùn ni, àbí Ìyá Onílé?” Bí o bá fẹ́ ẹran sí i nínú ọbẹ̀ rẹ, o ní láti tọrọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí o sì kúnlẹ̀ sí i. Mo lè sọ pé ẹran ló kọ́ mi ní èdè mi, ojú kò sì tì mí. Ṣẹ́gun ní tirẹ̀ kì í tọrọ púpọ̀. Ó gbà pé òun ni àkọ́bí, orí ẹja tòun ni, àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà tòun ni, ó sì ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó ni ín. Àbúrò wa Bùnmi kéré nígbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó sunkún bí wọ́n bá fẹ́ dirun fún un.

Dádì ń tún aago ṣe ní Uselu. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín àwọn mẹkáníìkì, ó sì máa ń sọ pé aago kan náà ni òun àti wọn ń tún ṣe, tiwọn kàn tóbi jù ni. Ó ní gíláàsì dúdú kékeré kan tó máa ń há sójú ọ̀tún bó bá ń wo inú aago, èyí tó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá. Ó máa ń mú un bọ̀ wálé lójoojúmọ́ nítorí olè, àwa ọmọ sì mọ̀ pé bó bá ti yọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, agolo ló máa tẹ̀lé e.

Agolo tábà àtijọ́ kan ni, ìsàlẹ̀ àpótí Mọ́mì ló sì ń gbé. Bàbá tó bí Dádì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó gẹdú láti Sapele nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀kúnwọ́ sẹ́ǹtì ilẹ̀ Kánádà, owó bàbà tí orí Ọbabìnrin Fikitóríà wà lójú kan rẹ̀, tí ewé sì yí ojú kejì ká. Kò sí ọjà tí a ti lè ná an ní Iléṣà. Ó sọ pé òun ti rí iṣẹ́ tí òun máa fi wọ́n ṣe. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á kọ́kọ́ ju owó sínú abọ́ omi kó tó pe orúkọ náà. Sẹ́ǹtì ni Bàbá Àgbà ń jù. Owó tí àwọn yòókù bá jù, wọ́n á kó o fún ìyá ọmọ kó fi ra ọṣẹ. Ṣùgbọ́n sẹ́ǹtì Bàbá Àgbà kò ṣeé fi ra nǹkan kan, nítorí náà ó di ti ọmọ títí ayé. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín èyí tó kù nígbà tó kú, Dádì sì wá ní márùn-ún lọ́wọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo sẹ́ǹtì jọra. Kí tèmi má bàa di ti Ṣẹ́gun, wọ́n ní láti mọ àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì fi ìṣó họ àmì kankan sí i. Èyí tó ti bá a wáyé ni wọ́n wá. Bàbá Àgbà ló fi ọgbọ́n náà han Dádì, Dádì sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè kà á lójú oorun. Ó ní láyé ọjọ́un, àwọn tó ń ṣe owó kì í tẹ gbogbo lẹ́tà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Irin kékeré kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu. Wọ́n á gbé e lé orí irin òǹtẹ̀, wọ́n á fi òòlù lù ú, wọ́n á mú òmíràn, títí orúkọ Fikitóríà àti gbogbo oyè rẹ̀ ní èdè Látìnì yóò fi yí orí rẹ̀ ká. Bí lẹ́tà kan kò bá wọlé dáadáa, tàbí tó wọ́, wọ́n á tún irin rẹ̀ gbé síbẹ̀, wọ́n á tún un lù. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní parẹ́ tán, á máa yọjú lẹ́yìn èkejì, gbogbo owó tí òǹtẹ̀ yẹn bá sì bí ló máa gbé e dání. Ojú lásán kì í tètè rí i. O ní láti di sẹ́ǹtì mú nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lù ú, kí o sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí òjìji lẹ́tà tó wà lẹ́yìn yóò fi hàn.

Màmá kò kàwé, ṣùgbọ́n òun ló sọ àwọn àmì náà lórúkọ. T tó wà nínú orúkọ Fikitóríà lára sẹ́ǹtì Ṣẹ́gun dé fìlà lé fìlà. Màmá ń pè é ní Onífìlà Méjì. R tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ REGINA lára tèmi na ẹsẹ̀ kan jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ méjì tó ní. Òun ni Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta. E tó wà nínú DEI lára ti Bùnmi hu eyín kan ju bó ti yẹ lọ. Òun ni Eléyín, Bùnmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ègé aṣọ tí wọ́n gé lára ọ̀já tí wọ́n fi pọn ẹni tó ni ín. Ègé aṣọ kẹrin wà, aláró, tí a kì í tú. Bí mo bá béèrè, Dádì á ní, “Ti Mọ́mì yín nìyẹn,” ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀karùn-ún wà nínú bébà, ó ń dúró de ọmọ tó ń bọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi ọkùnrin fi hàn mí lórí fóònù pé àwọn ènìyàn kan wà lókè òkun tí wọn kò níṣẹ́ méjì lọ́sàn-án Sunday ju kí wọ́n máa fi gíláàsì wá irú lẹ́tà àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára sẹ́ǹtì Fikitóríà, tí wọ́n á máa bára wọn jiyàn bóyá ẹsẹ̀ R gùn àbí kò gùn. Ó rò pé ẹnu máa yà mí. Mo sọ fún un pé a ti ṣe é ní Sapele Road kí wọ́n tó bí i. Kò gbà mí gbọ́ títí mo fi mú Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta jáde. Mo wò ó bó ṣe ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, tó di ojú ọ̀tún pọ̀ gan-an bíi ti bàbá mi, ara mi sì tù mí lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jẹun yó.

Nígbà tó yá, Mọ́mì bí ọmọbìnrin. Àbúrò Mọ́mì, Àǹtí Rónkẹ́, ti wá láti Àkúrẹ́ láti ràn wá lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá wà nílé, Àǹtí Rónkẹ́ kì í jókòó. Bí iṣẹ́ kò bá sí, á wá a jáde. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, ó rí Ìyá Onílé lẹ́yìnkùlé, tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ àwọn ère idẹ tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Benin nìyẹn bí ayẹyẹ bá ń bọ̀, wọ́n á fọ idẹ títí á fi máa kọ mànà. Èyí wọ Àǹtí lọ́kàn. Mọ́mì ti ní kó bá òun mú aṣọ ọmọ nínú àpótí. Ó rí agolo, ó ṣí i, ó rí owó dúdú nínú àkísà, ó sì rò ó pé wọn kò lè ju owó tó dọ̀tí báyìí sínú abọ́ lójú gbogbo ìjọ. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó da àkísà mọ́ àwọn ìlédìí inú omi ọṣẹ, ó sì lọ jókòó ti Ìyá Onílé.

Nígbà tí a ti ilé ìwé dé, sẹ́ǹtì márùn-ún wà lórí àwo pẹrẹsẹ, wọ́n ń dán yanran. Àǹtí Rónkẹ́ gbé e wá fún Màmá tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ẹ wò ó, mà. Ẹ ò lè mọ̀ pé àwọn ni.”

Màmá wo àwo náà. Ó wo okùn aṣọ, níbi tí ègé aṣọ mẹ́rin ti ń ro omi láàárín àwọn ìlédìí.

“Rónkẹ́, ta ló ni èwo?”

“Ta ló ni kí ni, mà?”

“Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ti gbọ́ ọ rí?”

“Mo ti gbọ́ ọ, mà.”

“Àkísà ọ̀hún lo fọ̀ yẹn.”

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ nítorí Mọ́mì ń sùn nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ. Àǹtí Rónkẹ́ gbé ọwọ́ lórí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ní kó dìde, kì í ṣe ènìyàn ló kú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọlọ́mọ tuntun gbọ́. Ó rán Ṣẹ́gun sí Uselu kó lọ pe Dádì, kó sì sọ fún un kó má gbàgbé gíláàsì rẹ̀.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí oòrùn ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Onílé ń gún nǹkan lódó lọ́hùn-ún, Bùnmi ń jẹ èpà, Dádì há gíláàsì sójú ó sì ń yí sẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọsàn wẹ́wẹ́ ti jẹ ẹsẹ̀ kẹta mi. Ṣùgbọ́n bàbà le ju bí mo ti rò lọ, òun náà sì ni Dádì kọ́kọ́ rí. Ó fi í sí mi lọ́wọ́, mo sì pa ọwọ́ dé. Ṣẹ́gun gba gíláàsì, ó wo òmíràn pẹ́.

“Na this one get two cap,” ó ní.

“Wí i dáadáa,” ni Màmá wí.

“Èyí ló dé fìlà méjì, mà.”

Eléyín náà jáde. Ó wá ku méjì. Dádì wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. Ó ní C tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Kánádà lára ọ̀kan pọn C kékeré kan sẹ́yìn, àti pé N tó wà lára èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì. Méjèèjì ló ní àmì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ èyí tó wà nínú aṣọ aláró àti èyí tó wà nínú bébà. Ti inú bébà, Dádì kò tíì wá àmì rẹ̀ rí, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kó wá a. Ti inú aṣọ aláró, Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló jù ú sínú abọ́ nígbà tí kò tíì sí òmíràn tí wọ́n lè fi ṣì í mú.

“Kí a ṣáà mú ọ̀kan,” Dádì wí. “Sẹ́ǹtì ni sẹ́ǹtì.”

“Èmi kọ́,” Màmá dáhùn. “Mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní mú ti Ayọ̀délé kí n fi pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí mo bá ṣì í ṣe ńkọ́? Ojú wo ni mo máa fi wo ìyá rẹ̀, bí ọmọ yìí bá tiẹ̀ kàn wúkọ́ lásán?”

“Ta ni Ayọ̀délé?” mo béèrè.

Màmá wo Dádì. Dádì yọ gíláàsì lójú, ó nù ún lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó dọ̀tí lára rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n yín ni,” ó ní. “Òun ni Mọ́mì kọ́kọ́ bí. Ó ti ń sáré káàkiri dáadáa kó tó ṣàìsàn.”

Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ la ẹnu. “So no be me be first?” Màmá kò ní kó wí i ní Yorùbá. Ó fi ọwọ́ pa á lórí, Ṣẹ́gun sì jẹ́ kó pa á, ohun tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé girama. Ní tèmi, ó ń ṣe mí bí ẹni tó gbọ́ pé yàrá kan wà nínú ilé wa tí n kò wọ̀ rí. N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún. Àgbà ni mo wá dà kí ó tó yé mi pé àwọn òbí wa kò fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí ọmọ bá kú láàárọ̀ ọjọ́, àwọn ènìyàn wa kì í pe orúkọ rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ létí mọ́, wọ́n gbà pé bí ọgbẹ́ bá fẹ́ jiná, ọwọ́ kì í wà níbẹ̀. Gbogbo ìdílé ló ń ṣọ́ ẹnu fún Mọ́mì, òun náà kò sì sọ nǹkan kan, gbogbo wọn sì rò pé ó ti gbàgbé.

Orí èyí la wà tí ilẹ̀kùn fi dún. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ sáyà, ìró rẹ̀ wà lókè ọmú. Ó wo bí gbogbo wa ṣe pagbo yí àwo kan ká.

“Kí lẹ̀ ń wá?”

Dádì ní kò sí nǹkan. Màmá ní kó padà lọ dùbúlẹ̀, omi gbígbóná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Àǹtí Rónkẹ́ ni kò lè fara dà á. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo fọ̀ wọ́n. Gbogbo wọn ti dàpọ̀.”

Mọ́mì gbé ọmọ lé Màmá lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó mú sẹ́ǹtì kan lórí àwo, ó yí i sí oòrùn, ó dá a padà. Ó mú èkejì. Kò béèrè gíláàsì.

“Òun nìyí,” ó ní.

“Báwo lo ṣe mọ̀?” Dádì béèrè.

“N yìí. Ẹ̀dà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fara tì í báyìí.” Ó fi èékánná hàn án. “Mo máa ń mú un wò.”

“Nígbà wo?”

“Bí ẹ bá ti jáde tán láàárọ̀. Ìgbàkigbà tó bá ṣáà ń ṣe mí.”

Dádì di gíláàsì mú lọ́wọ́, kò gbé e sójú. Ọkùnrin tó ń fi ojojúmọ́ ayé rẹ̀ wá ohun tí ojú lásán kò rí, kò rí èyí nínú ilé ara rẹ̀. Ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì kí Mọ́mì lè jókòó. Àánú ìyá mi ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ rọ̀ mọ́ ọn lápá, inú mi sì tún dùn, n kò mọ ìdí rẹ̀, àfi bóyá nítorí pé ó jókòó sáàárín wa, kò padà wọ yàrá. Àǹtí Rónkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Dìde, Rónkẹ́,” Mọ́mì wí. “N kò mọ̀ pé ó pupa tó báyìí. Ó dára.”

Wọ́n sá ègé aṣọ aláró sórí ẹ̀yìn àga kó lè yára gbẹ. Màmá wẹ ọmọ, ó ń kọrin fún un bó ti ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ó sì ti sọ sẹ́ǹtì oní-C náà ní Apọmọ kó tó fi òrí kùn ún tán. A jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ṣẹ́gun gé orí ẹja sí méjì, ó gbé ìdajì sínú abọ́ mi láìsọ nǹkan kan, mo sì jẹ ẹ́ kíákíá kó má bàa yí èrò padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará ìjọ Yorùbá tí à ń lọ kún àgbàlá. Ìyá Onílé yá wa ní bẹ́ǹṣì, ó sì wá jókòó síwájú pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Alàgbà ìjọ wa fi iyọ̀ àti oyin kan ọmọ lẹ́nu. Àwọn ènìyàn ń ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n ń pe orúkọ. Nígbà tó kan Màmá, ó ní, “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti wo ilé yìí, mo rí ọpẹ́ níbẹ̀.” Ó ju Apọmọ sínú omi, ó pe ọmọ ní Tèmítọ́pẹ́. Gbogbo wa pè é tẹ̀lé e.

Ó wá ku àdúrà. Alàgbà sún mọ́ Dádì, ó ní kó ka orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà fún òun, kí òun lè fi wọ́n sínú àdúrà láti orí àgbà dé orí ọmọdé.

“Olúṣẹ́gun,” Dádì bẹ̀rẹ̀. “Mojísọ́lá. Olúbùnmi.”

“Ayọ̀délé ni àkọ́kọ́,” Mọ́mì wí.

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá gbọ́. Alàgbà mọ ìtàn wa, òun ló gbàdúrà níbi ìsìnkú nígbà náà. Ó gbójú sókè, ó wo Màmá, kò mọ̀ bóyá kí òun pè é àbí kí òun fò ó.

“Ẹ pè é,” ni Màmá wí.

Ó pè é. Àmín tí ìyá mi ṣe sókè ju ti gbogbo wa lọ.